Gbọ̀ngàn King George ní Accra: Bí ilé ìrántí ọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe di ilé aṣòfin Ghana

Ẹni tó bá ń wá sípíà páàtì ọkọ̀ ní ìlú Accra, Abossey Okai ni wọ́n máa júwe fún un. Àdúgbò náà wà ní ìwọ̀-oòrùn àárín gbùngbùn olú ìlú Ghana. Ọjà ẹ̀yà ara ọkọ̀ ló sọ ọ́ di ìlú mọ̀ọ́ká, ibẹ̀ náà sì ni mọ́ṣáláṣí ńlá kan wà tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún Mùsùlùmí ti ń kírun Jímọ̀.

Bí ènìyàn bá gbéra ní Abossey Okai, tó sọdá odò Odaw, tó sì kọrí sí ìhà òkun, kò ní pẹ́ bọ́ sí òpópónà tí wọ́n ń pè ní High Street. Lójú ọ̀nà yìí, tí atẹ́gùn òkun ń fẹ́ sí tọ̀sán tòru, ni ilé kan wà tí ọ̀pọ̀ èrò ń gba iwájú rẹ̀ kọjá láì wò ó lẹ́ẹ̀mejì. King George V Memorial Hall ni orúkọ tí wọ́n fún un nígbà tí wọ́n kọ́ ọ. Nígbà tó yá, ó di ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Lónìí, Old Parliament House, ìyẹn ilé aṣòfin àtijọ́, ni àwọn ará ìlú ń pè é, àjọ tó ń gbọ́ ẹ̀sùn lórí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ló sì ń lò ó.

Ìtàn ilé yìí kan àwọn ọmọ Yorùbá ju bí ènìyàn ṣe lè rò lọ.

Accra àti Èkó, ọmọ ìyá lábẹ́ gómìnà kan náà

Kí òyìnbó tó sọ Accra di olú ìlú, ìlú àwọn Gà ni, odi mẹ́ta tí àwọn òyìnbó kọ́ sí etíkun náà ló sì pín in. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì wà ní James Fort, àwọn ará Holland wà ní odi tó di Ussher Fort, àwọn ará Denmark sì wà ní Christiansborg ní Osu. Títí di òní, James Town, Ussher Town àti Osu ni orúkọ àwọn àdúgbò wọ̀nyí.

Nínú James Town àti ní Osu, àdúgbò kan wà tí wọ́n ń pè ní Alata. Àwọn òpìtàn so orúkọ náà mọ́ Allada, tó wà ní orílẹ̀-èdè Benin òde òní, níbi tí wọ́n ti kó àwọn òṣìṣẹ́ wá sí àwọn odi wọ̀nyẹn. Alata kan náà ni ọ̀pọ̀ ará Ghana ń pe àwọn Yorùbá àti àwọn mìíràn tó ti ìhà Nàìjíríà wá. Ọṣẹ dúdú tí ìyá àgbà ń sè nílẹ̀ Yorùbá, "alata samina" ni wọ́n ń pè é lọ́jà Accra, èyí tó túmọ̀ sí ọṣẹ àwọn Alata.

Lọ́dún 1874, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì so Èkó pọ̀ mọ́ Gold Coast. Lọ́dún 1877, wọ́n gbé olú ìlú Gold Coast kúrò ní Cape Coast wá sí Accra. Ìyẹn ni pé láti ìgbà náà títí di ọdún 1886 tí wọ́n ya Èkó sọ́tọ̀, Accra ni gómìnà tó ń ṣe olórí Èkó fi ṣe ibùjókòó. Ọ̀rọ̀ tó bá ju agbára ajẹ́lẹ̀ Èkó lọ, ọkọ̀ ojú omi ni yóò gbé e lọ sí Accra.

Lọ́dún 1898 ni wọ́n dá ìgbìmọ̀ ìlú sílẹ̀ fún Accra, lábẹ́ òfin tí ìjọba ti ṣe lọ́dún 1894. Àwọn ará ìlú kò fi tayọ̀tayọ̀ gbà á. Owó orí ilé ni ìgbìmọ̀ náà bá wọlé, ẹni tó sì kọ́ ilé bàbá rẹ̀ fúnra rẹ̀ kò rí ìdí tí òun yóò fi máa san owó lórí rẹ̀ fún àlejò. Ìlú náà ń gbòòrò síbẹ̀. Àjàkálẹ̀ àrùn tó jà lọ́dún 1908 mú kí ìjọba kó àwọn ènìyàn kúrò láàárín ìlú lọ sí àdúgbò tuntun bíi Korle Gonno. Ìmìtìtì ilẹ̀ ọjọ́ kejìlélógún oṣù Kẹfà ọdún 1939 sì wó ọ̀pọ̀ ilé, ó tún lé àwọn mìíràn kúrò ní etíkun.

Ohun tí gbọ̀ngàn wà fún

Lásìkò ìjọba amúnisìn, gbọ̀ngàn ìlú kì í ṣe ilé ayẹyẹ lásán. Kò sí rédíò nílé ọ̀pọ̀ ènìyàn, ilé aṣòfin sì jẹ́ ti gómìnà àti àwọn tí gómìnà yàn. Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ láti bá ìjọba sọ, ó ní láti wá ibi tí èrò lè péjọ sí, níbi tí akọ̀ròyìn yóò jókòó, tí òjò kò ní pa á. Ẹni tó bá ní kọ́kọ́rọ́ gbọ̀ngàn ló ń pinnu bóyá ìpàdé yóò wáyé tàbí kò ní wáyé.

Glover Memorial Hall ni Èkó ní. John Hawley Glover, ẹni tí àwọn ará Èkó ń pè ní Gólóbà, ti ṣe olórí Èkó rí kó tó kó àwọn ọmọ ogun Hausa rẹ̀ lọ bá àwọn Ashanti jagun lọ́dún 1873 sí 1874 láti ìhà odò Volta. Ó kú lọ́dún 1885, gbọ̀ngàn náà ni wọ́n sì fi ṣe ìrántí rẹ̀ ní Èkó. Ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́kọ́ fi sinimá han èrò ní Nàìjíríà, lóṣù Kẹjọ ọdún 1903. Ibẹ̀ ni Hubert Ogunde ti kọ́kọ́ gbé eré rẹ̀ sórí ìtàgé lọ́jọ́ kejìlá oṣù Kẹfà ọdún 1944, eré tó bẹ̀rẹ̀ láti inú ìjọ Aládùúrà. Oṣù méjì lẹ́yìn náà, lọ́jọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù Kẹjọ, wọ́n dá ẹgbẹ́ òṣèlú NCNC sílẹ̀ nínú gbọ̀ngàn kan náà, Herbert Macaulay ṣe ààrẹ, Nnamdi Azikiwe sì ṣe akọ̀wé àgbà. Orúkọ aṣojú ìjọba amúnisìn ló wà lókè ilẹ̀kùn. Bí wọ́n ṣe máa lé ìjọba amúnisìn lọ ni wọ́n ń sọ nínú ilé.

Accra pẹ̀lú ní irú ìtàn bẹ́ẹ̀. Ní oṣù Kẹta ọdún 1920, àwọn amòfin, oníṣòwò àti oníwèé ìròyìn láti Gold Coast, Nàìjíríà, Sierra Leone àti Gambia péjọ síbẹ̀ láti dá National Congress of British West Africa sílẹ̀. Thomas Hutton-Mills ti Accra ni wọ́n fi ṣe ààrẹ, J. E. Casely Hayford sì ni ọpọlọ ìpàdé náà. Èkó rán aṣojú wá, lára wọn sì ni J. Egerton-Shyngle àti J. G. Campbell. Ohun tí wọ́n béèrè kò le lójú ẹni òde òní: kí àwọn ará ìlú máa dìbò yan díẹ̀ nínú àwọn tó ń ṣòfin lé wọn lórí. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní wọn kò ṣojú ẹnikẹ́ni.

Ọba tó kú, ilé tó dúró

King George Karùn-ún wàjà lọ́jọ́ ogún oṣù Kínní ọdún 1936. Káàkiri ilẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso ni wọ́n ti ṣe ohun ìrántí fún un, gbọ̀ngàn High Street ni ti Accra. Ibi tí wọ́n kọ́ ọ sí kì í ṣe ibi lásán. Ní òdìkejì ọ̀nà, láàárín títì àti òkun, ni pápá tí àwọn òyìnbó ti ń gun ẹṣin gbá bọ́ọ̀lù pólò wà. Àwọn aláwọ̀ dúdú kì í gbá pólò níbẹ̀. Bí wọ́n bá rí wọn lórí pápá náà, a jẹ́ pé ẹṣin ni wọ́n dì mú fún ọ̀gá.

Bí ènìyàn bá rìn láti ibẹ̀ lọ sí ìwọ̀-oòrùn, yóò dé James Fort, odi tí iléeṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì tó ń ra ẹrú kọ́ ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún. Ọgbà ẹ̀wọ̀n ni ìjọba sọ ọ́ dà. Gbọ̀ngàn, pápá pólò àti ọgbà ẹ̀wọ̀n, gbogbo wọn wà ní etíkun kan náà, ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yá sì lè fi ẹsẹ̀ rìn wọ́n já láàárọ̀ ọjọ́ kan. Orí ìrìn kúkúrú yìí ni ìtàn Ghana ti yí padà.

Ìbọn ọdún 1948

Lóṣù Kínní ọdún 1948, Nii Kwabena Bonne, ọba àdúgbò Alata ní Osu, ké sí àwọn ará ìlú pé kí wọ́n má ra ọjà lọ́wọ́ àwọn iléeṣẹ́ òyìnbó mọ́ nítorí ọ̀wọ́n gógó. Àwọn ènìyàn gbọ́ràn sí i lẹ́nu. Iléeṣẹ́ tó tóbi jù nínú àwọn tí wọ́n kọ ọjà wọn ni United Africa Company, UAC tí àwọn Yorùbá náà mọ̀ bí ẹní mowó, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1929 nígbà tí Niger Company darapọ̀ mọ́ iléeṣẹ́ mìíràn.

Lọ́jọ́ ogún oṣù Kejì, àwọn ọmọ ogun tó ti Ogun Àgbáyé Kejì dé ṣèpàdé ní Palladium, ilé sinimá kan ní James Town tí A. J. Ocansey, oníṣòwò ọmọ Gold Coast, dá sílẹ̀. Kwame Nkrumah àti J. B. Danquah bá wọn sọ̀rọ̀. Ìjọba ti ṣèlérí owó àti iṣẹ́ fún àwọn ọmọ ogun yìí nígbà tí wọ́n ń lọ sí Burma, wọn kò sì rí i gbà.

Lọ́jọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù náà, wọ́n péjọ sí pápá pólò, wọ́n sì kọrí sí ààfin gómìnà ní Christiansborg láti lọ fún un ní ìwé ẹ̀bẹ̀. Wọn kò gbé ìbọn. Ọ̀gá ọlọ́pàá kan, Colin Imray, dá wọn dúró ní oríta, nígbà tí wọn kò sì padà, ó yìnbọn. Sájẹ́ńtì Adjetey, Kọ́pírà Attipoe àti Odartey Lamptey kú níbẹ̀. Ọjọ́ náà gan-an ni kíkọ ọjà dópin, ṣùgbọ́n iye tí wọ́n ń ta ọjà kò wálẹ̀ tó bí àwọn ènìyàn ṣe retí. Nígbà tí ìròyìn ikú wọ ìgboro, iná sọ. Wọ́n kó ẹrù inú ilé ìtajà àwọn òyìnbó, wọ́n sì dáná sun àwọn kan, ti UAC wà lára wọn. Ènìyàn 29 ló kú kí rògbòdìyàn náà tó rọlẹ̀.

Ìjọba kó Nkrumah, Danquah àti àwọn mẹ́rin mìíràn sí àtìmọ́lé. Síbẹ̀, ìwádìí tí wọ́n ṣe lẹ́yìn rògbòdìyàn náà ló yọrí sí òfin tuntun tó jẹ́ kí gbogbo ìlú dìbò lọ́dún 1951.

Ẹ̀bùn UAC

Nǹkan mìíràn tún ti inú iná yẹn jáde. UAC kọ́ gbọ̀ngàn kan fún àwọn ará Accra láti fi wá ojú rere wọn. Accra Community Centre ni wọ́n pè é, ó sì parí lọ́dún 1951. Òun náà wà lórí High Street, ó kọjú sí òkun. Àwọn ayàwòrán ilé ọmọ Gẹ̀ẹ́sì méjì tó jẹ́ tọkọtaya, Maxwell Fry àti Jane Drew, ló ya àwòrán rẹ̀. Àwọn méjèèjì náà ló ya àwòrán Yunifásítì Ìbàdàn. Wọ́n fi àgbàlá sínú rẹ̀, wọ́n sì jẹ́ kí ògiri rẹ̀ ní ihò tí atẹ́gùn lè gbà wọlé. Ẹni tó bá mọ ilé ìkàwé Yunifásítì Ìbàdàn yóò dá irú ọwọ́ yẹn mọ̀. Kofi Antubam, gbajúgbajà oníṣẹ́ ọnà ọmọ Ghana, ló ṣe ọnà ara ògiri iwájú rẹ̀.

Bí ó bá jẹ́ pé UAC fẹ́ kí àwọn ará ìlú máa ta ayò kí wọ́n sì máa jó níbẹ̀ kí ọkàn wọn lè balẹ̀, ohun tí wọ́n fi ẹ̀bùn náà ṣe tayọ bẹ́ẹ̀. Láti ọjọ́ kẹjọ sí ọjọ́ kẹtàlá oṣù Kejìlá ọdún 1958, ibẹ̀ ni ìpàdé gbogbo ènìyàn ilẹ̀ Áfíríkà, All-African People's Conference, ti wáyé. Tom Mboya, ọmọ Kenya tí kò tíì pé ọdún 30, ló ṣe alága. Patrice Lumumba wá láti Congo. Frantz Fanon wá ṣojú àwọn tó ń jà fún òmìnira Algeria. Ọdún méjì kò tíì pé tí Congo fi gba òmìnira, Lumumba sì di olórí ìjọba rẹ̀.

Láti ọgbà ẹ̀wọ̀n dé gbọ̀ngàn

Nígbà ìbò ọjọ́ kẹjọ oṣù Kejì ọdún 1951, inú ẹ̀wọ̀n James Fort ni Nkrumah wà. Wọ́n ti mú un lọ́dún 1950 nítorí ìyanṣẹ́lódì tí ẹgbẹ́ rẹ̀, CPP, pè. Ó díje láti inú ẹ̀wọ̀n fún ìjókòó Accra, ó sì ní ìbò 22,780 nínú 23,122. Lọ́jọ́ kejìlá oṣù náà, gómìnà Charles Arden-Clarke dá a sílẹ̀, ó sì ní kó wá bá òun kó ìjọba jọ. Ọ̀nà tó wà láàárín ọgbà ẹ̀wọ̀n àti gbọ̀ngàn King George kò jìn, ṣùgbọ́n ẹni tó bá rìn ín lọ́sẹ̀ yẹn, kì í ṣe ẹsẹ̀ bàtà nìkan ló rìn.

Ìgbìmọ̀ aṣòfin tuntun náà ti tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, gbọ̀ngàn King George ni wọ́n sì sọ di ilé rẹ̀. Lọ́jọ́ kẹwàá oṣù Keje ọdún 1953, Nkrumah dìde níwájú ìgbìmọ̀ náà láti dá àbá pé kí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbé òmìnira lé Gold Coast lọ́wọ́. Oṣù mẹ́ta péré ló tẹ̀lé ìgbà tí Anthony Enahoro dá irú àbá bẹ́ẹ̀ ní Èkó, lọ́jọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù Kẹta, pé kí Nàìjíríà gba ìjọba ara ẹni lọ́dún 1956. Ti Èkó dá àríyànjiyàn ńlá sílẹ̀ láàárín Gúúsù àti Àríwá, kò sì yọrí. Ti Accra yọrí, ṣùgbọ́n kì í ṣe láìsí ìjà: àwọn Ashanti àti àwọn mìíràn fẹ́ kí agbára pín sí àwọn agbègbè, wọ́n sì ń bẹ̀rù pé CPP yóò gbé gbogbo rẹ̀ mì.

Nínú ìbò ọdún 1956, CPP gba ìjókòó 71 nínú 104. Lọ́jọ́ kẹta oṣù Kẹjọ, ìgbìmọ̀ náà dìbò lórí òmìnira. Ìbò 72 ló gbè é, kò sí ẹyọ kan tó lòdì sí i. Iye yẹn dùn ún gbọ́ létí, àmọ́ ìdí tí kò fi sí ìbò tó lòdì ni pé àwọn alátakò kò jókòó. Ìjókòó wọn tó ṣófo náà wà nínú ìtàn.

Òru ọjọ́ karùn-ún oṣù Kẹta

Ní alẹ́ ọjọ́ karùn-ún oṣù Kẹta ọdún 1957, ìgbìmọ̀ aṣòfin Gold Coast jókòó fún ìgbà ìkẹyìn nínú gbọ̀ngàn náà. Nígbà tó di ọ̀gànjọ́ òru, wọ́n sọ àsíá Gẹ̀ẹ́sì kalẹ̀, wọ́n ta àsíá tuntun tí Theodosia Okoh yà sókè: pupa, àwọ̀ wúrà àti àwọ̀ ewé, pẹ̀lú ìràwọ̀ dúdú láàárín.

Nkrumah jáde, ó sọdá ọ̀nà lọ sí pápá pólò, níbi tí ogunlọ́gọ̀ èrò ti ń dúró dè é. Òun àti àwọn bíi Komla Gbedemah, Kojo Botsio àti Krobo Edusei wọ dàńsíkí ìhà Àríwá, wọ́n sì dé fìlà tí wọ́n kọ "PG" sí, àmì pé wọ́n ti ṣẹ̀wọ̀n fún òṣèlú. Ó sọ fún àwọn èrò pé òmìnira Ghana kò ní ìtumọ̀ bí ìyókù ilẹ̀ Áfíríkà kò bá ní tirẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Duchess of Kent, tó ṣojú ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì, ṣí ilé aṣòfin orílẹ̀-èdè tuntun náà.

Wọn kò ṣèèṣì yan pápá pólò. Èkó náà ṣe irú rẹ̀ ní ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà: Race Course, pápá tí àwọn òyìnbó ti ń fi ẹṣin sáré ìje, ni wọ́n ti ta àsíá Nàìjíríà lọ́jọ́ kìíní oṣù Kẹwàá ọdún 1960. Tafawa Balewa Square ni wọ́n ń pè é lónìí.

Òfin tó jáde láti inú ilé kan náà

Bí ìtàn gbọ̀ngàn yìí bá parí sí ọ̀gànjọ́ òru yẹn, ìtàn adùn ni ì bá jẹ́. Ṣùgbọ́n ọdún kan àti oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, lóṣù Keje ọdún 1958, àwọn aṣòfin kan náà, nínú ilé kan náà, fọwọ́ sí Preventive Detention Act. Òfin náà fún ìjọba láṣẹ láti ti ènìyàn mọ́lé fún ọdún márùn-ún láìgbé e dé ilé ẹjọ́. Danquah, tó bá àwọn ọmọ ogun sọ̀rọ̀ ní Palladium pẹ̀lú Nkrumah, tí òyìnbó jọ tì wọ́n mọ́lé pọ̀, ni òfin náà mú. Ó kú sínú ẹ̀wọ̀n Nsawam lọ́jọ́ kẹrin oṣù Kejì ọdún 1965. Lọ́dún 1964, Ghana ti di orílẹ̀-èdè ẹlẹ́gbẹ́ kan ṣoṣo.

Wọ́n gbé ère Nkrumah sí iwájú ilé aṣòfin náà. Àdó olóró bà á jẹ́ lọ́dún 1961, wọ́n sì tún un ṣe. Nígbà tí àwọn ológun fipá gbàjọba lọ́jọ́ kẹrìnlélógún oṣù Kejì ọdún 1966, àwọn èrò wó ère náà lulẹ̀, orí rẹ̀ sì kúrò lọ́rùn. Àwọn ológun ti ilé aṣòfin pa. Láti ìgbà náà, bí ìjọba alágbádá bá dé, aṣòfin á padà. Bí ológun bá tún dé, wọ́n á tú ká. Ó ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ́dún 1972, ó tún ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ tó kẹ́yìn ọdún 1981 nígbà tí Jerry Rawlings gbàjọba lẹ́ẹ̀kejì.

Ìjọba alágbádá Kofi Busia, tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1969, ni ọ̀pọ̀ ìdílé Yorùbá kò lè gbàgbé. Lọ́jọ́ kejìdínlógún oṣù Kọkànlá ọdún náà, ó pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò bá ní ìwé ìgbélùú kúrò ní Ghana láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn oníṣòwò láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà, Ìlọrin àti Ìgbẹ́tì wà lára àwọn tó fi ilé, ọjà àti gbèsè tí wọ́n jẹ wọ́n sílẹ̀. Àwọn kan nínú wọn, Ghana ni wọ́n bí wọn sí. Nàìjíríà ṣe irú rẹ̀ padà lóṣù Kínní ọdún 1983, nígbà tó lé àwọn ará Ghana, báàgì aláràbarà tí wọ́n di ẹrù wọn sí sì gba orúkọ tí kò tíì kúrò lára rẹ̀ di òní: Ghana Must Go.

Ilé àtijọ́, iṣẹ́ tuntun

Nígbà tí òṣèlú alágbádá padà lọ́dún 1993, àwọn aṣòfin kò padà sí High Street. State House ni ilé wọn wà báyìí. Òfin ilẹ̀ Ghana ti ọdún 1992 ló ní kí wọ́n dá àjọ kan sílẹ̀ tí yóò máa rí sí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn àti ìṣàkóso òdodo, èyí tí wọ́n ń fi ìkékúrú pè ní CHRAJ. Amòfin Emile Short ni kọmíṣọ́nnà àkọ́kọ́ rẹ̀. Gbọ̀ngàn King George ni àjọ náà fi ṣe olú iléeṣẹ́. Ibi tí àwọn aṣòfin ti fọwọ́ sí i pé kí wọ́n máa ti ènìyàn mọ́lé láìsí ẹjọ́ ni ẹni tí ìjọba bá fìyà jẹ lè gbé ẹ̀sùn rẹ̀ lọ lónìí.

Èyí kò ṣàì kan Abossey Okai. Ní àwọn ọdún àìpẹ́ yìí, awuyewuye ti wáyé nínú àwọn ọjà Accra, títí kan ti sípíà páàtì, lórí àwọn ọmọ Nàìjíríà tó ṣí ṣọ́ọ̀bù. Àwọn oníṣòwò ọmọ Ghana ń tọ́ka sí òfin ọdún 2013 tó ní kí àjèjì tó fẹ́ ṣòwò ọjà títà kó mílíọ̀nù kan dọ́là wọlé, kó sì gba ọmọ Ghana 20 síṣẹ́, tó tún ya ọjà títà nínú ọjà sọ́tọ̀ fún ọmọ ìlú. Àwọn ọmọ Nàìjíríà ń tọ́ka sí àdéhùn ECOWAS lórí lílọ bíbọ̀ àti ìgbélùú. Òfin méjèèjì ló wà nílẹ̀. Abala kejìlá òfin ilẹ̀ Ghana náà sì wà nílẹ̀, èyí tó sọ pé ẹnikẹ́ni tó bá wà ní Ghana ló ní ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn, ibi yòówù kó ti wá, ẹ̀yà tàbí ẹ̀sìn yòówù kó ní, níwọ̀n ìgbà tí kò bá ti tẹ ẹ̀tọ́ ẹlòmíràn mọ́lẹ̀.

Ní ti pápá pólò, ó di ọgbà ìrántí Kwame Nkrumah lọ́dún 1992. Wọ́n tún un ṣe, wọ́n sì ṣí i padà lóṣù Keje ọdún 2023. Ibẹ̀ ni wọ́n sin Nkrumah àti ìyàwó rẹ̀, Fathia, sí. Ère tí àwọn èrò wó lọ́dún 1966 wà nínú ọgbà náà láìlórí, orí rẹ̀ sì wà lórí pèpéle tirẹ̀ nítòsí. Láti ẹnu ọ̀nà ọgbà yẹn, gbọ̀ngàn King George ló wà ní òdìkejì títì.